Mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì Ìjàpá bàbá mi: kí ló yẹ kí n mọ̀ kí n tó tú bóòtù kankan?

Ọmọ Tíṣà (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọkọ̀ Ìjàpá bàbá mi, Volkswagen 1300 ti ọdún 1974, ti wà lábẹ́ igi máńgòrò nílé wa láti ọdún 11. Tíṣà ni bàbá mi. Ọkọ̀ yìí ló fi ń gbé gbogbo wa lọ sílé ìwé, òun náà ló fi gbé màámi lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Bàbá papò dà lọ́dún tó kọjá, mo sì ti pinnu pé ọkọ̀ náà kò ní jẹrà sílẹ̀.

Ara ọkọ̀ ṣì le. Ẹ́ńjìnnì ni kò yí mọ́. Mẹkáníìkì kan ládùúgbò ní kí n jù ú nù, kí n lọ ra ẹ́ńjìnnì 1600, ọkọ̀ á sì lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹlòmíì ní òun á bá mi fi ẹ́ńjìnnì Toyota sí i, òun á gbé rédíétọ̀ síwájú. Mi ò yọ ẹ́ńjìnnì rí. Pílọ́ọ̀gì àti ọ́ìlì nìkan ni mo mọ̀ ọ́n pààrọ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣe é, èmi àti àbúrò mi, bó tilẹ̀ gba oṣù mẹ́ta. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà? Ṣé 1600 á wọlé síbi tí 1300 wà? Ìwé ọkọ̀ ńkọ́?

Bàbá Àràrọ̀mí (Ìbàdàn)

Ọmọ mi, o kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún bàbá. Ìdí Ìjàpá ni mo ti gba fírídọ́ọ̀mù mi lọ́dún 1981, ìdí rẹ̀ náà ni mo ṣì wà lónìí, nítorí náà jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá ẹ lóhùn.

Toyota yẹn, má ṣe é. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe, mo ti rí i. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, atẹ́gùn ló sì ń mú un tutù. Tí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì olómi síbẹ̀, wọ́n á gé iwájú ọkọ̀ kí rédíétọ̀ tó ríbi jókòó, họ́ọ̀sì omi á gba abẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, wélídà á sì tún rọ irin tí wọ́n máa fi so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Tó bá wá bàjẹ́ lójú ọ̀nà Ìlọrin, ta ni yóò mọ ibi tí ó ti máa bẹ̀rẹ̀? Ẹni tó rọ ọ́ nìkan. Ọkọ̀ bàbá ẹ kò yẹ fún irú ìyẹn.

1600 á wọlé. Ọmọ ìyá ni òun àti 1300 àti 1500. Mìlímítà 69 ni písítìnì gbogbo wọn ń rìn. Ìbú síléńdà ni kò dọ́gba: 77 ni ti 1300, 83 ni ti 1500, 85.5 ni ti 1600. Ọkọ̀ 1974, iná 12V ni, eyín 130 ló yẹ kó wà lára fláíwíìlì rẹ̀, ìyẹn àwo irin ńlá onéyín tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì. Àwọn Ìjàpá àtijọ́ tó ń lo 6V, eyín 109 ni tiwọn, fláíwíìlì ńlá kì í wọlé sí gíábọ́ọ̀sì wọn láìjẹ́ pé a ha inú rẹ̀. Tìrẹ kò yẹ kó níṣòro yẹn, ṣùgbọ́n ka eyín náà fúnra ẹ. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ báyìí, ó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá.

Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá rọrùn láti yọ. Bóòtù mẹ́rin péré ló so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, sípánà 17 ló ń tú wọn. Èyí tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, òun kan náà ló di orí kíkì (mọ́tò tó ń sitáàtì ẹ́ńjìnnì) mú, ẹ̀yìn ilé fáànù ló sì fara pamọ́ sí. Ìka ni wàá fi rí i, kì í ṣe ojú. Jẹ́ kí àbúrò ẹ wà lábẹ́ ọkọ̀ kí ó di òdìkejì mú. Tí o bá ti tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, jáàkì ti gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí o wá máa fà á sẹ́yìn ní títẹ́ pẹrẹsẹ. Má jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ títí ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì yóò fi bọ́ kúrò nínú kílọ́ọ̀ṣì pátápátá. Ẹ́ńjìnnì yẹn lé ní 100 kílò. Tí ìwúwo rẹ̀ bá rọ̀ sórí ọ̀pá yẹn, o ti ba kílọ́ọ̀ṣì jẹ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ àwọn ènìyàn dúró lórí búlọ́ọ̀kù fún ọdún méjì kì í ṣe yíyọ. Wọ́n á yọ ọ́ ní wákàtí mẹ́ta, wọ́n á wá rí i pé wọn ò ní rọ́bà kan, wọn ò ní bẹ́árìn kan, owó á tán, òjò á bẹ̀rẹ̀. Kó gbogbo ẹrù jọ sínú yàrá kan kí o tó fọwọ́ kan sípánà.

Kúnlé 1302 (Òṣogbo)

Mo gbè ọ̀rọ̀ Bàbá lẹ́sẹ̀. Èmi ni irú ẹni tí wọ́n ń sọ yẹn. Ẹ́ńjìnnì tí mo rà dára, ó ń dún bí aago. Mo fi í sí i, ó sitáàtì, inú mi dùn. Lọ́jọ́ kẹta, bí mo bá ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ariwo kan á jáde bíi ìgbà tí ènìyàn ń fi ṣíbí ha ìkòkò. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí kílọ́ọ̀ṣì kò tú mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní nǹkan bí ọdún 1971 ni Volkswagen yí bẹ́árìn tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì padà. Nínú ti àtijọ́, òrùka irin kan wà láàárín àwo kílọ́ọ̀ṣì, ara òrùka yẹn ni bẹ́árìn ń tì. Nínú ti ìkẹyìn, kò sí òrùka, bẹ́árìn fúnra rẹ̀ ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí ọ̀pá oníhò kan tó yọ jáde lára gíábọ́ọ̀sì. Gíábọ́ọ̀sì tèmi, ti ìkẹyìn. Àwo kílọ́ọ̀ṣì tó bá ẹ́ńjìnnì wá, ti àtijọ́. Ojú mi wà lórí ẹ́ńjìnnì, mi ò wo ẹnu gíábọ́ọ̀sì rárá. Mo tún yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá jáde, mú tọ́ọ̀ṣì kí o wo ẹnu gíábọ́ọ̀sì dáadáa. Bí ọ̀pá oníhò yẹn bá wà níbẹ̀, àwo tí kò ní òrùka ni kí o rà. Ra àwo, dísìkì àti bẹ́árìn tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ́ìlì bá ń jò níbẹ̀, pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn fláíwíìlì náà, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn tí o lè gbà dé ibẹ̀ àfi kí ẹ́ńjìnnì tún jáde.

Àdùkẹ́ Rewaya (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú àjọṣe o. Àbúrò, kó tó di pé o fọwọ́ kan ohunkóhun, gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè kí o tú bátìrì. Abẹ́ ibẹ̀ ni bátìrì Ìjàpá ń gbé, lápá ọ̀tún. Bí ọmọrí rẹ̀ bá ti sọnù, wá òmíràn tàbí kí o fi rọ́bà tó nípọn bò ó. Irin sípíríńgì inú ìjókòó máa ń kan orí bátìrì tí ẹni tó sanra bá jókòó, koríko inú ìjókòó á sì gbiná. Ọkọ̀ méjì ni mo ti fojú ara mi rí tó jó báyẹn.

Wáyà tó lọ sí ẹ́ńjìnnì kò pọ̀: ti dáínámò, ti kọ́ìlì, ti ṣóòkù àti fáàfù kékeré ara kábúrétọ̀, ti iná ọ́ìlì. Má gé ọ̀kankan. Ya fọ́tò, kí o wá fi tépù funfun dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o fi bírò kọ orúkọ sí i. Oṣù mẹ́ta tí o sọ yẹn, o ò ní rántí.

Bí ẹ́ńjìnnì tí o rà bá ní ọ́tánétọ̀ dípò dáínámò, bi mí kí o tó so ó. Rẹ́gúlétọ̀ tó wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, dáínámò ló wà fún. Bó bá ṣeé ṣe, tú dáínámò ara ẹ́ńjìnnì bàbá ẹ kí o gbé e sórí tuntun, kí o fi wáyà sílẹ̀ bí ó ṣe wà.

Akin (Leeds)

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí ohun tó pa ẹ́ńjìnnì mi, ó kéré débi pé mo jù ú sínú ìdọ̀tí fúnra mi.

Tí ẹ bá ṣí ẹ̀yìn Ìjàpá, ẹ ó rí páànù tó yí ẹ́ńjìnnì ká. Láàárín páànù yẹn àti ara ọkọ̀, rọ́bà gígùn kan wà tó dí gbogbo etí rẹ̀. Nígbà tí mo fi 1600 sínú tèmi, rọ́bà yẹn ti gan, ó ń já lọ́wọ́, mo ní ọjọ́ mìíràn ni màá ra òmíràn. Páànù kékeré kan tó ń dí ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà pàápàá, mi ò dá a padà, mo rò pé ẹ̀ṣọ́ ni.

Fáànù ń fa atẹ́gùn tútù láti òkè, ó ń fẹ́ ẹ gba ara síléńdà, ó sì ń jáde nísàlẹ̀ ní gbígbóná. Páànù àti rọ́bà yẹn ni ògiri tó pààlà láàárín tútù àti gbígbóná. Bí ògiri bá ti lu, fáànù á máa fa èyí tó ti gbóná padà sókè, á tún fẹ́ ẹ sára síléńdà. Mo ń lọ Manchester lórí òpópónà M62, mo rí i pé ọkọ̀ ń wúwo bí ẹni pé ẹnì kan ń fà á sẹ́yìn. Kí n tó yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó ti gan. Síléńdà kẹta ni písítìnì lẹ̀ mọ́. Leeds la wà o, níbi tí òtútù wà. Ẹ wo ohun tí oòrùn Abẹ́òkúta máa ṣe.

Nítorí náà, ọ̀gbẹ́ni, ra rọ́bà yẹn kí o tó ra ẹ́ńjìnnì. Ka gbogbo páànù, má fi ọ̀kan sílẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá wá láti ara Kombi, páànù rẹ̀ kò ní bá Ìjàpá mu látòkè délẹ̀, nítorí náà pa ti bàbá rẹ mọ́.

Ọjà tuntun ṣì wà. Mexico ṣe Ìjàpá títí di ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2003, Brazil náà ṣe é dé 1996, wọn ò sì tíì dá ṣíṣe síléńdà, písítìnì àti tọ́ọ̀pù síléńdà dúró. O kò ní láti fi dandan ra tòkunbọ̀ tó ti gbó.

Mọ́remí (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ tó ti dúró fún ọdún 11, bíréèkì ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Bíréèkì ọlọ́mi rẹ̀ á ti gan. Ẹ tún yọ táǹkì epo kí ẹ fọ̀ ọ́. Kí ẹ́ńjìnnì tó lágbára tó wọlé, kí ọkọ̀ ti lè dúró.

Ẹ̀gbọ́n Láńre (Ìkẹjà)

Lórí ìwé: nọ́ḿbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀ rẹ. Tí o bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, nọ́ḿbà ti yí nìyẹn, ọlọ́pàá tó bá ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ wò á sì béèrè. Má ra ẹ́ńjìnnì láìgba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ḿbà rẹ̀ sí, pẹ̀lú orúkọ àti ìsọ̀ ẹni tó tà á. Gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó ń fún ọkọ̀ níwèé kí wọ́n tún un kọ kí o tó gbé ọkọ̀ jáde. Ẹ tún ṣètò kí ìwé kúrò lórúkọ bàbá bọ́ sí tìrẹ. Ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ Tíṣà (Abẹ́òkúta)

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ ṣé gan-an. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Mo lọ sí Ládiípọ̀ ní Múṣin. Ọkùnrin kan gbé ẹ́ńjìnnì kan síwájú mi, ó ní 1600 ni, ó ní kí n wo ẹnu tí epo àti atẹ́gùn ń gbà wọ inú rẹ̀, pé ẹnu méjì ló ní ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti 1600 ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ó mọ́ tónítóní, wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Mo di púlì ìsàlẹ̀ tí bẹ́líìtì fáànù yí ká mú bí Bàbá ṣe kọ́ mi lórí fóònù, mo tì í, mo fà á, mi ò gbọ́ nǹkankan. Mo ti fẹ́ máa ka owó, ni ọ̀rọ̀ nọ́ḿbà tí Ẹ̀gbọ́n Láńre sọ bá wá sí mi lọ́kàn. Mo fi èékánná ha ọ̀dà kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ dáínámò. Lẹ́tà AB ló bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí n ya fọ́tò rẹ̀, mo sì ní mò ń bọ̀.

Nígbà tí mo délé, mo ha ti bàbá mi náà. AB ni.

Bàbá Àràrọ̀mí (Ìbàdàn)

O ṣeun, ọmọ mi. Èékánná ẹ ti gbà ẹ́ lọ́wọ́ ìnáwó.

AB, 1300 ni. Láti nǹkan bí 1970 ni 1300 àti 1600 ti jọ ń ní ẹnu méjì, nítorí náà ẹnu kò lè sọ èyí tó jẹ́. AD ni 1600. F ni 1300 àtijọ́ tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, H ni 1500, D ni 1200. Lẹ́tà náà sì lè má sọ gbogbo rẹ̀, nítorí ẹnì kan lè ti pààrọ̀ síléńdà sórí ilé ẹ́ńjìnnì kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ dá a lójú á ní kí wọ́n ṣí tọ́ọ̀pù síléńdà ẹ̀gbẹ́ kan, á fi rúlà wọn ìbú ihò. 77 àti 85.5 kò jọra wọn, ojú lásán á rí i.

Kí n fi kún ọ̀rọ̀ púlì, kí àwọn mìíràn tó ń kà lè mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ méjèèjì ni ẹ máa fi dì í mú, ẹ tì í síwájú, ẹ fà á sẹ́yìn. Àlàfo tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni 0.07 sí 0.13 mìlímítà, ìyẹn kéré tí ojú ò fi lè rí i. Bí ọwọ́ bá gbọ́ "kọ̀, kọ̀", ilé bẹ́árìn ti jẹ, ẹ rìn kúrò níbẹ̀ bó ti wù kó mọ́ tó.

Ní báyìí, mo fẹ́ bi ẹ́ léèrè. Ẹ́ńjìnnì bàbá ẹ tí kò yí, ta ló sọ pé ó ti bàjẹ́? Ẹ́ńjìnnì tó dúró ọdún 11 lábẹ́ máńgòrò, ó lè jẹ́ pé ríìngì písítìnì ló kàn lẹ̀ mọ́ síléńdà. Tú pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Po dísù, ìyẹn epo dísẹ́lì, pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, rọ díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, kí o tún rọ òmíràn. Kí o wá fi sípánà 30 sórí bóòtù púlì, máa mì ín díẹ̀díẹ̀ síwá sẹ́yìn. Má lo agbára, má fi páìpù gùn ún.

Bí ó bá yí, tí púlì kò sì ní "kọ̀, kọ̀", gbé ilé yẹn wá bá mi. Síléńdà àti písítìnì 1600 pẹ̀lú tọ́ọ̀pù síléńdà tirẹ̀ la máa gbé lé e lórí. Tọ́ọ̀pù ti 1300 kò lè gba síléńdà tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà má rò pé o lè fi ìyẹn dín owó kù. 1600 lo fẹ́, 1600 lo ti ní yẹn, lórí ilé tí bàbá ẹ rà, nọ́ḿbà tó wà nínú ìwé kò sì yí.

Akin (Leeds)

Bàbá, ẹ ṣeun o. Èyí gan-an ni ì bá wù mí kí ẹnì kan ti sọ fún mi nígbà náà. Ọmọ Tíṣà, bí ẹ bá fẹ́ kí n ra síléńdà ránṣẹ́ láti ibí, ẹ kàn sí mi.

Kúnlé 1302 (Òṣogbo)

Ọ̀rọ̀ kan péré lórí iná, nítorí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ọ́. Iwájú ni táǹkì epo wà, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, táǹkì sì ga. Bí ẹ bá yọ họ́ọ̀sì epo lára ẹ́ńjìnnì, epo á máa dà fúnra rẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù dí ẹnu họ́ọ̀sì, ó máa ń wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Má ṣe é nínú gàréèjì tí wọ́n tì pa, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná ìrẹsì nítòsí. Irin tí wọ́n fi ṣe ilé ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, magnesium ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ó bá gbiná, omi ò lè pa á, ńṣe ni yóò tún mú kó ràn sí i. Ra apaná oníyẹ̀fun kí o gbé e sítòsí, kí o lè pa iná epo kí ó tó ran irin yẹn. Họ́ọ̀sì epo tó wà níbẹ̀ látijọ́, gé gbogbo rẹ̀ dànù, kí o fi tuntun sí i pẹ̀lú kílíìpù.

Ọmọ Tíṣà (Abẹ́òkúta)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Bàbá Àràrọ̀mí, ẹ kú àdúrótì.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi rọ dísù àti ọ́ìlì sí i. Lánàá, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, àbúrò mi di sípánà 30 mú, èmi fọwọ́ lé fáànù kí n lè mọ̀ bóyá nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ó mì ín títí, kò dáhùn. Ó sinmi. Ó tún mì ín. Mo gbọ́ nǹkan kan tó já pẹ́ẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ̀rù bà mí, mo rò pé a ti bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà ni púlì yí díẹ̀, ó tún yí díẹ̀ sí i, atẹ́gùn wá jáde láti inú ihò pílọ́ọ̀gì kan, "fùú", ó tu ọ́ìlì dúdú sí mi láya aṣọ. Màámi jáde síta, wọ́n béèrè pé kí ló dé tí a fi ń pariwo. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n jókòó sórí àga lẹ́bàá ọkọ̀, wọn ò sọ nǹkankan fún ìgbà díẹ̀.

Mo ti púlì, mo fà á. Kò sí "kọ̀, kọ̀".

Bàbá, a máa yọ ọ́ ní Sátidé, tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Mo ti tú bátìrì. Àbúrò mi ti ya fọ́tò gbogbo wáyà, ó sì ti fi tépù dì wọ́n. Rọ́bà etí páànù ti dé láti Ìbàdàn, mo ti fi wé ara ti àtijọ́, ó gùn tó o. Jáàkì wà, apaná wà, pẹ́ńsùlù náà wà.

Bàbá Àràrọ̀mí (Ìbàdàn)

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bóòtù òkè lọ́wọ́ ọ̀tún, pè mí kí ẹ tó dé orí ìyẹn. Màá wà nídìí fóònù.